Ènìyàn Mẹ́wàá Péré: Bí Kíláàsì Sọ́ńdè Sukúù Wa Ṣe Di Ibùsùn

Mátírẹ́ẹ̀sì méje ló wà nílẹ̀ ní kíláàsì àwọn ọmọdé lálẹ́ ọjọ́ tí ọ̀gá panápaná yà wọlé. Oṣù kọkànlá 2022 ni, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá, òtútù Maryland ní Amẹ́ríkà sì ti ń gé ni létí bí abẹ. Ìdílé mẹ́ta la kó síbẹ̀. Páìpù omi ló bẹ́ nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń gbé, wọ́n ní kí gbogbo ayálégbé kó jáde, Pásítọ̀ sì ní kí wọ́n máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nílé, ta ni kò sùn sí ṣọ́ọ̀ṣì rí? Ẹni tó wá ṣe ìṣọ́ òru tí mọ́tò ò tíì máa ná, orí bẹ́ǹṣì ló ń na ẹ̀yìn sí. Aláboyún mìíràn á wà lọ́dọ̀ àwọn ìyá àdúrà títí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ á fi pé.

Ọkùnrin náà ò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí àjà, ó tàn án sí fèrèsé, ó ka mátírẹ́ẹ̀sì, ó wá kọjú sí mi: "Kí lẹ ń pe yàrá yìí?" Mo ní kíláàsì Sọ́ńdè sukúù ni. Ó ní láti alẹ́ àná tí ẹnì kan ti sùn síbẹ̀, kì í ṣe kíláàsì mọ́.

Iṣẹ́ káfíńtà àti sheetrock, pátákó tí wọ́n fi ń ṣe ògiri inú ilé, ni mo fi ń jẹun nílùú yìí láti ọdún mọ́kàndínlógún, èmi náà ni mo sì ń darí ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ ní ìjọ wa. Ògiri tí mo ti nà kò níye. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí, torí kí iṣẹ́ tó kàn mí, ẹlòmíràn á ti dáhùn rẹ̀ sórí pépà. Oṣù mẹ́rin la fi dáhùn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bó ṣe lọ nìyí, fún ìjọ tó bá ní irú rẹ̀ lọ́kàn.

Oṣù kọkànlá, ọ̀sẹ̀ kìíní

Ọ̀nà méjì ni ọ̀gá panápaná là sílẹ̀: ká kó àwọn ènìyàn jáde lóru ọjọ́ náà, tàbí ká fi ẹni tí kò ní sùn ṣọ́ iná ní alaalẹ́ títí ọ́fíìsì ilé kíkọ́ á fi dá wa lóhùn. A mú èkejì. Bàbá Ìjọ bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìṣọ́ òru ni wọ́n tún fẹ́ wá kọ́ wa?"

Àmọ́ ìṣọ́ òru tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Òfin iná sọ ọ́ kedere pé ẹni tó ń ṣọ́ iná kò gbọdọ̀ ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ju kó máa rìn yí ilé ká lọ, kí ohun tó máa fi pe panápaná sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ dijú gbàdúrà. Kò gbọdọ̀ jókòó ka Bíbélì. Lóru kejì, mo dé ní aago mẹ́ta, mo bá arákùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà, Sáàmù ṣí sílẹ̀ lórí itan rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ ti wọ àyà. Ó ní àṣàrò lòun ń ṣe. Mo yọ orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà la ti ń kọ orúkọ àti aago sínú ìwé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìwé yẹn ló sì gbà wá nígbà tí ọ́fíìsì béèrè ohun tí a ti ń ṣe láti ọjọ́ náà.

Òfin fún ọ́fíìsì ilé kíkọ́ láyè láti yọ̀ǹda ìlò onígbà díẹ̀, kò gbọdọ̀ ju 180 ọjọ́ lọ, bí ọ̀nà àbájáde àti ààbò iná bá ti wà. Wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa, wọ́n sì ní ká mú àwòrán ilé wá kíákíá.

Orúkọ yàrá

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní ọ́fíìsì yìí, orúkọ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó wo ilé. Arábìnrin akítẹ́ẹ̀tì kan láti ìjọ mìíràn ló gbà láti bá wa ṣe é lówó pọ́ọ́kú, òun ló sì jókòó là á yé èmi àti Ìyá Ìjọ nínú kíṣìnnì ṣọ́ọ̀ṣì, tíì gbígbóná wà níwájú wa.

Gbogbo ilé ló ní lẹ́tà tirẹ̀ nínú International Building Code, ìwé òfin tí ìpínlẹ̀ púpọ̀ ní Amẹ́ríkà ń lò. Ẹ̀dà ti 2018 ni wọ́n ń lò ní káńtì wa, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, nígbà náà. A ni ibi tí èrò ti ń péjọ. B ni ọ́fíìsì. E ni ilé ìwé. I ni ilé ìwòsàn àti ọgbà ẹ̀wọ̀n. R ni ibi tí ènìyàn ń sùn. Ṣọ́ọ̀ṣì wà ní A-3, òun àti ilé ìkàwé, kọ́ọ̀tù, àti ibi tí wọ́n ti ń gbá snúkà. Ìyá Ìjọ ní kó tún ìyẹn sọ. Nígbà tó tún un sọ, màmá gbé kọ́ọ̀bù wọn sílẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan.

Kíláàsì Sọ́ńdè sukúù tí kò gba tó 100 ènìyàn, A-3 ló ń bá ṣọ́ọ̀ṣì lọ, wọn kì í kà á sí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti tẹ́ ẹní sínú rẹ̀ láti sùn mọ́jú, ó di R. Mo béèrè ohun tó fà á, torí bẹ́ǹṣì kan náà ni, ògiri kan náà ni. Arábìnrin yìí ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó jókòó síbi ìsìn á rí èéfín, á dìde. Ẹni tó sùn kò ní gbóòórùn rẹ̀." Ó tán.

R náà pín. Bí àlejò kò bá ní ju 30 ọjọ́ lọ, tí wọ́n jọ ń lo ilé ìwẹ̀ tàbí kíṣìnnì kan, tí wọ́n sì ju mẹ́wàá lọ, R-1 ni, bíi hòtẹ́ẹ̀lì gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́wàá tàbí kí wọ́n má tó bẹ́ẹ̀, R-3 ni, ìyẹn sì sún mọ́ ilé tí èmi àti ìwọ ń gbé. Ẹni kọkànlá ló ń sọ ilé di hòtẹ́ẹ̀lì. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé bí wọ́n bá máa pẹ́ ju 30 ọjọ́ lọ, R-3 gba ènìyàn 16. Mo rò pé ó yẹ kó jẹ́ òdìkejì. Ó ní ẹni tó ti pẹ́ nílé mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lókùnkùn, àlejò ò mọ̀ ọ́n.

Kí ló dé tí a ò wá mú 16? Nítorí ọ́fíìsì tó ń rí sí ìlò ilẹ̀, tó yàtọ̀ pátápátá sí ti ilé kíkọ́. Wọ́n ní àwọn á ka gbígba àlejò mọ́ iṣẹ́ ìjọ, bí ẹnikẹ́ni kò bá ti ní lo ju 30 ọjọ́ lọ. Nítorí náà, ènìyàn mẹ́wàá, 30 ọjọ́.

Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ mú òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2000 wá, RLUIPA, èyí tó ń gbèjà ìjọ lórí ìlò ilẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi wá sílẹ̀. Akítẹ́ẹ̀tì dá a lóhùn pé ìlò ilẹ̀ lòfin yẹn dá lé, kò ní kí iná má jó ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn tí a parí tiwa ni mo gbọ́ ti ìjọ Dad's Place ní ìlú Bryan, ní Ohio, tí wọ́n pe pásítọ̀ wọn lẹ́jọ́ ní December 2023 nítorí àwọn tó ń sùn síbẹ̀. Mo ka ìròyìn náà lẹ́ẹ̀mejì.

Kíka orí

Ènìyàn mẹ́tàlá ló wà nílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo wọlé pẹ̀lú bírò àti pépà, mo ń fi ìka tọ́ wọn: ení, èjì, ẹ̀ta. Ìyá ọlọ́mọ márùn-ún kan dìde dúró ní fọọ. "Bùrọ̀dá, ẹ má ka àwọn ọmọ mi o. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ." Ojú tì mí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyá mi ì bá gbá mi létí. Mo ní kó má bínú, kó fúnra rẹ̀ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún mi. Bí a ṣe ń ṣe é títí dòní nìyẹn: a kì í ka ènìyàn, orúkọ la ń kọ, ìlà mẹ́wàá ló sì wà lójú ìwé.

Àwọn mẹ́ta tó lé, ọmọ ìjọ ló kó wọn sílé.

Ìpàdé ìgbìmọ̀, oṣù kejìlá

Wàhálà tó le jù, afọ́nmi ni: páìpù tó máa ń fọ́n omi láti àjà nígbà tí iná bá sọ. Òfin ilé tuntun sọ pé bí R bá ti wọ ilé kan, gbogbo ilé náà la máa fi afọ́nmi sí. Gbogbo rẹ̀, láti pẹpẹ dé kíṣìnnì. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa, a rà á lọ́wọ́ ìjọ àwọn aláwọ̀ funfun kan tó ti dàgbà tán, kò ní ẹyọ afọ́nmi kan. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè fún wa, Akápò ò lè kà á jáde lẹ́nu.

Bàbá Ìjọ ní ilé Ọlọ́run ni, iná kan ò lè jó níbẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn lórí Ọlọ́run. Mo kàn sọ ti Ghost Ship fún wọn, ilé ìkẹ́rù kan ní Oakland ní California. Àwọn kan sọ ọ́ di ibùgbé àti ibi àríyá láìgbàṣẹ, iná sọ níbẹ̀ lóru 2 December 2016, ó sì pa ènìyàn 36. Mo tún rán wọn létí ilé àlejò ìjọ kan ní Ìkọ̀tún, l'Ékòó, tó wó ní 12 September 2014, tí àwọn tó kú lé ní 110. Iná kọ́ ló wó ìyẹn, ilé tí kò lágbára ni. Ṣùgbọ́n àlejò ṣọ́ọ̀ṣì làwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo yàrá dákẹ́.

Akítẹ́ẹ̀tì ló tú wa sílẹ̀. Ìwé kejì wà fún ilé tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, International Existing Building Code. Ìyẹn sọ pé apá tí ìlò rẹ̀ yí padà nìkan ni kí a fi afọ́nmi sí, bí ògiri tó tó bá ti là á kúrò lára ìyókù. Ó tún fi tábìlì kan hàn mí níbi tí wọ́n ti to ìlò ilé ní ipò ewu lórí ọ̀nà àbájáde, ipò 1 ló léwu jù. Lẹ́tà A wà ní ipò 3. R-1 náà wà ní ipò 3. R-3 wà ní ipò 4. Ìyẹn ni pé bí a bá dúró lórí mẹ́wàá, ńṣe là ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú ewu, wọn ò sì ní ní ká tún gbogbo ọ̀nà àbájáde ṣe bíi tilé tuntun. Èrè kẹta ló wá dùn mọ́ Akápò jù: R-3 láyè láti lo afọ́nmi irú èyí tó wà fún ilé gbígbé, tí ìwé ìlànà NFPA 13D ń darí, tí táńkì kékeré lè bọ́. R-1 kò ní in.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta la máa ṣe ní apá kíláàsì, tó jẹ́ ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́rin tó so mọ́ gbọ̀ngàn: ògiri, fèrèsé, omi.

Ògiri

Bí afọ́nmi bá yí gbogbo ilé ká, ògiri tó lè dènà iná fún wákàtí kan tó láàárín A àti R. Tiwa kò yí i ká, nítorí náà wákàtí méjì ni. Mo fọwọ́ sọ̀yà. Ògiri búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́jọ ti wà láàárín gbọ̀ngàn àti kíláàsì láti 1968, akítẹ́ẹ̀tì ṣírò rẹ̀, ó ní ó tó. Mo rò pé iṣẹ́ ti tán nìyẹn.

Mo gun àkàbà, mo ti pátákó àjà kan sókè, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Búlọ́ọ̀kù dúró ní bí ìbú ọwọ́ kan lókè àjà. Láti ibẹ̀ dé páànù òrùlé, ínṣì 31, òfìfo ni. Mo pa tọ́ọ̀ṣì. Mo rí iná ibi tí àwọn akọrin ti ń ṣe rìháàsù lódìkejì, mo ń gbọ́ ohùn tẹ́nọ̀ wọn ketekete. Iná tó bá sọ ní kíṣìnnì á rìn gba òkè yẹn kọjá bí ẹni ń lọ ọjà, á já lé orí àwọn ọmọ tó ń sùn. Ọdún 54 ni ògiri yẹn fi ń tàn wá jẹ.

A fi férémù irin dí òfìfo náà, a kan sheetrock Type X, irú tí iná kì í tètè jó, tó nípọn tó ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ ínṣì, mọ́ ọn ní ìpele méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Ojúpọ̀ ìpele kejì kò gbọdọ̀ ṣe déédéé ti ìpele kìíní. Bó bá ṣe déédéé, ọ̀nà lo là fún iná. Ibi tó gba àkókò jù ni ìdí páànù. Páànù òrùlé rí kọ́rọ́gọ́dọ́ kọ́rọ́gọ́dọ́, ihò kékeré sì wà lábẹ́ kòtò kọ̀ọ̀kan. A ki òwú òkúta sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a fi gọ́ọ̀mù pupa adènà-iná dí i. Ọjọ́ méjì ààbọ̀ ni èmi àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi fi wà lórí àkàbà, ọrùn wa gan.

Lẹ́yìn náà ni ihò wáyà. Mẹ́tàlélógún la rí nínú búlọ́ọ̀kù: ti iná, ti tẹlifóònù tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, ti gbohùngbohùn. Èyí tó tóbi jù, tó gba orí ọmọdé, ti gbohùngbohùn ni, wọ́n fi òòlù lu ú láìwo ẹ̀yìn. Mo ti fẹ́ máa bú ẹni tó ṣe é kí n tó rántí pé èmi ni, ní ìkórè 2011, nígbà tí àlejò oníwàásù ti dé tí máíkì ò dún.

Ilẹ̀kùn

Ògiri wákàtí méjì ń fẹ́ ilẹ̀kùn tó lè gba iná 90 ìṣẹ́jú. Tuntun wọ́n. Mo rí ọ̀kan tó jẹ́ irin níbi tí wọ́n ti ń wó ilé ìwé kan, òun àti férémù rẹ̀, mo ra á lówó díẹ̀. Wolé-wolé, bí àwọn bàbá wa ti ń pe ẹni tí ọ́fíìsì ń rán wá yẹ ilé wò, dé, ó ṣí i, ó wo ẹ̀gbẹ́ tí híńjì wà, ó mi orí. Ọ̀dà ti bo àkọlé kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ọn. Àkọlé yẹn ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Bí a ò bá rí i kà, ilẹ̀kùn lásán ni.

Bó bá jẹ́ sáńpépà ni mo fi ha á, tán. Mo ra ohun tí ń yọ ọ̀dà, mo fi òwú kùn ún díẹ̀díẹ̀, mo ń fi igi ìtayín gbá ọ̀dà kúrò láàárín lẹ́tà. Ọ̀dà funfun kọ́kọ́ kúrò, lẹ́yìn náà búlúù, lẹ́yìn náà àwọ̀ ewé kan tí mi ò tíì rí irú rẹ̀ lára ògiri rí. Ní aago mọ́kànlá alẹ́ ni "1½ HR" yọjú. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyàwó mi, ó bi mí bóyá orí mi pé.

Àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn náà kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì lọ, ilẹ̀kùn sì gbọ́dọ̀ máa ti ara rẹ̀. Ìjà tí mò ń jà títí dòní nìyẹn. Ẹni tó bá gbé abọ́ ìrẹsì lọ́wọ́ kò fẹ́ ilẹ̀kùn tó ń ti ara rẹ̀. Mo ti bá bàtà lábẹ́ rẹ̀, mo ti bá ìwé orin, mo sì bá búlọ́ọ̀kù kan tó ṣẹ́kù láti ara iṣẹ́ mi lọ́jọ́ kan. A wá fi irin máńgínẹ́ẹ̀tì gbá a mú mọ́ ògiri, ó so mọ́ aago iná. Bí aago bá dún, máńgínẹ́ẹ̀tì á tú u sílẹ̀, ilẹ̀kùn á pa dé.

Fèrèsé

Níbí ni mo ti ṣìṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹni tó ń sùn gbọ́dọ̀ lè bá fèrèsé jáde, kí panápaná tó gbé ẹrù lẹ́yìn sì lè gbabẹ̀ wọlé. Fèrèsé 1968 ṣí ní òkè nìkan, bí ẹni ya ẹnu díẹ̀. Òfin sọ pé bí a bá ṣí i, àyè tó ṣí gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ínṣì 20, kó ga tó ínṣì 24, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má sì ga ju ínṣì 44 lọ sí ilẹ̀. Ìsàlẹ̀ tiwa ga ní ínṣì 49. A kò fẹ̀ ẹ́, torí òpó àgbélé wà lókè rẹ̀. Ìsàlẹ̀ la gé, a fi ẹ̀rọ agébúlọ́ọ̀kù yọ ìlà búlọ́ọ̀kù kan kúrò. Eruku rẹ̀ wọ inú dùùrù.

Mo ra fèrèsé mẹ́rin tí wọ́n ń gbé sókè sọ̀ kalẹ̀. Bí mo bá ṣí i, ó fẹ̀ ní ínṣì 26, ó ga ní ínṣì 25. Mo ní ó ju 20 lọ, ó ju 24 lọ, kí ló tún kù? A ti de méjì mọ́lẹ̀ kí wolé-wolé tó dé. Ó na tépù, ó kọ ọ́ sórí ọwọ́ rẹ̀: 26 lọ́nà 25, 650. Ó ní, "Ọ̀gá, 720 ni mò ń wá." Òfin kan ṣì wà lẹ́yìn méjì tí mo mọ̀: gbogbo àyè náà lápapọ̀ gbọ́dọ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin márùn-ún nílé ilẹ̀, ìyẹn 720 ínṣì onígun mẹ́rin. Ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, 5.7 ni. Fèrèsé tó bá jẹ́ 20 lọ́nà 24 gan-an kò tó nǹkan kan, 480 péré ni. Iye méjì yẹn, ó kéré tán ni, ojú ẹ̀kẹta ni kí ẹ máa wò.

Ẹni tó tà á fún mi gba méjì tí a kò tíì dè. Méjì yòókù wà ní gáràjì mi. Ẹni tó bá ń kọ́ ilé adìyẹ kó pè mí. Èyí tí a wá fi sí i ni irú tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn: ínṣì 22 lọ́nà 38, 836. Mo ní kí Ìyá Ìjọ dán an wò. Wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n bá fèrèsé jáde sí orí koríko, àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́.

Omi

Oníṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ ló ṣe afọ́nmi, èmi kàn ń di àjà tẹ̀lé e. Páìpù oníke aláwọ̀ ọsàn ni, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́. Ojú afọ́nmi kọ̀ọ̀kan ní gílàásì tín-ín-rín kan, omi pupa wà nínú rẹ̀. Bí ooru bá dé 155 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, gílàásì yẹn á bẹ́, omi á tú. Ojú kan tí iná wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń ṣí. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí bí mo ṣe ń sọ fún ìjọ pé omi wà lókè, ìbéèrè kan náà ni: bí ẹ̀fọ́ bá jó ní kíṣìnnì, ṣé omi á rọ̀ sórí gbogbo wa? Rárá. Aago èéfín ló ń dún fún ẹ̀fọ́. Afọ́nmi kò gbọ́ ti èéfín.

Yàrá wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14 lọ́nà 16, ojú kan tó fún yàrá kan. Ojú kan ń fẹ́ gálọ́ọ̀nù 13 ní ìṣẹ́jú kan. NFPA 13D ní ká ṣírò bíi pé méjì ṣí lẹ́ẹ̀kan náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: 26 lọ́nà mẹ́wàá, gálọ́ọ̀nù 260. Táńkì 300 la gbé sí ẹ̀gbẹ́ yàrá ẹ̀rọ amúlé-móoru, pọ́ńpù wà nídìí rẹ̀. Bó bá jẹ́ R-1 ni, omi tó máa ṣàn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n á béèrè, ó kéré tán, iṣẹ́ náà á sì kọjá táńkì inú kọ̀rọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló bà mí lẹ́rù níbẹ̀, òtútù. Oníṣẹ́ fẹ́ gba òkè àjà tó tutù, torí ó yá. Mo kọ̀. Omi tó bá dì á bẹ́ páìpù, ohun tó sì lé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kúrò nílé wọn nìyẹn. A mú páìpù sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ òwú amúlé-móoru, a fi sheetrock ṣe àpótí bò ó. Kò rẹwà. Ó ń móoru.

Lọ́jọ́ ìdánwò, a ṣí ojú ìdánwò sí ibùdókọ̀, mo di aago mú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, omi ò já. Ní ìṣẹ́jú kọkànlá pọ́ńpù bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Aago èéfín wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan àti ní ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n so mọ́ra, bí ọ̀kan bá dún gbogbo wọn á dún. Èyí tó ń ṣọ́ èéfín olóró tí kò lóòórùn wà nítòsí yàrá ẹ̀rọ gáàsì. Yàrá kan gba kẹ̀kẹ́ arọ. Mi ò ní fi ìyókù dá yín lágara.

Oṣù kẹta 2023

A gba ìwé. Certificate of occupancy ni wọ́n ń pè é, àwọn kan níjọ sì bú sí ijó torí wọ́n rò pé C of O ilẹ̀ ni, irú èyí tí gómìnà ń fọwọ́ sí nílé. Kì í ṣe òun. Èyí kò sọ ẹni tó ni ilẹ̀, ohun tí a lè lo ilé fún ló sọ: A-3, R-3, ènìyàn mẹ́wàá.

Àwọn ìdílé mẹ́ta àkọ́kọ́ ti rí ilé kí ìwé tó jáde. Àwọn tó tẹ̀lé wọn ló wá jẹ àǹfààní rẹ̀. Nínú wọn ni tọkọtaya kan wà tí ìyàwó ti lóyún oṣù mẹ́jọ, ìlà mẹ́wàá ìwé orúkọ sì ti kún. Mo pe akítẹ́ẹ̀tì, mo bi í bóyá ọmọ ọwọ́ jẹ́ ènìyàn lójú òfin. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ló ti di pé ọmọ kì í ṣe ènìyàn?" Ìyá Ìjọ kò tiẹ̀ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ náà tán. Wọ́n gbé ìyàwó náà lọ sílé ara wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì kó tó bímọ, wọ́n ní ìyẹn kò sí nínú ìwé kankan.

Ọjọ́ kẹjọ, gbọ̀ngàn la ti sọ ọmọ lórúkọ. A-3 ni gbọ̀ngàn, ó gba gbogbo èrò tó wá. Wolé-wolé náà wá, ó jẹ mọ́ínmọ́ín, ó gbójú sókè wo pátákó àjà lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ẹnikẹ́ni tó sùn níbẹ̀, àfi ọmọ tuntun.